Bí A Ṣe Ń Gba Àyè Padà Nínú Fáìlì Dátábéèsì Àtijọ́ Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Pa Àkọsílẹ̀ Rẹ́

Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ọ̀ffà ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wa yìí ti sú wa o. A ti pa ìwé owó àtijọ́ rẹ́, a pa ti gbogbo àwọn tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ rẹ́, síbẹ̀ ńṣe ló ń wọ́ bí ìgbín." Mo ní kó wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó fún mi. Ó ní 74 MB. Mo ní èló ló jẹ́ kí wọ́n tó pa ohunkóhun rẹ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "74 náà ni, sà."

Mo gba Ajàṣẹ́-Ìpo lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí mo ti bá ní ilé ìwé, ilé oògùn àti ọ́fíìsì oríṣiríṣi láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán: ètò tí ẹnì kan fi FoxPro, irinṣẹ́ dátábéèsì àtijọ́ kan, kọ fún wọn ní ogún ọdún sẹ́yìn, tó ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò sí nítòsí mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé pípa rẹ́ yàtọ̀ sí kíkó kúrò. Ohun tí mo bá wọn ṣe lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, kí ẹni tó bá ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lè ṣe é fúnra rẹ̀ láìfi owó ọlọ́wọ́ ṣeré.

Ibi tí àyè náà há sí

Gbogbo wa la ti rí ilé tí ìjọba fẹ́ wó. Wọn á kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa fa X gàdàgbà sí ara ògiri. Ilé náà ò tíì lọ síbì kan. Ilẹ̀ tó gbà ló ṣì gbà, àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, títí di ọjọ́ tí katapílà máa dé.

Bí fáìlì .DBF ṣe rí gan-an nìyẹn, ìyẹn irú fáìlì tí dBASE, FoxPro àti Clipper ń lò. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Báìtì àkọ́kọ́ lára àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ti orúkọ tàbí ti owó, àmì ni. Bí àkọsílẹ̀ náà bá ṣì wúlò, òfìfo ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá pàṣẹ DELETE, ètò náà á fi ìràwọ̀ kékeré kan, *, síbi òfìfo yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí. Báìtì kan ṣoṣo ló yí padà. Orúkọ, iye owó, ọjọ́, gbogbo rẹ̀ ló ṣì jókòó síbẹ̀. Tí ẹ bá wá kọ àkọsílẹ̀ tuntun, ìparí fáìlì ló máa lọ, kì í wọ inú àyè ẹni tí ẹ ti fi àmì sí.

Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i tí dBASE jáde, dísìkì pẹlẹbẹ tó lọ́ra ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Tó bá jẹ́ pé ìgbàkígbà tí a bá pa ìlà kan rẹ́ ni gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa sún síwájú, iṣẹ́ ò ní ṣeé ṣe. Àmì yẹn tún ń gbani lọ́wọ́ àṣìṣe, nítorí àṣẹ RECALL lè dá ohun tí ẹ pa rẹ́ padà ní kíákíá. Àṣẹ tó dúró fún katapílà ni PACK. Ó wà níbẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò tí mo ti rí kò fi í sórí mẹ́nù rárá.

Ohun tó ń tan àwọn òṣìṣẹ́ jẹ ni SET DELETED ON. Ìyẹn ló ń fi àwọn tó ní àmì pamọ́, kí wọ́n má hàn lójú kọ̀ǹpútà. Èèyàn á wò ó, á ní wọ́n ti lọ. Ètò náà ṣì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí kò fi yá.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ́n

Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan láìmọ iye àyè tó ṣòfò. Nínú FoxPro, tí orúkọ fáìlì bá jẹ́ OWO:

USE OWO
SET DELETED OFF
? RECCOUNT()
? RECSIZE()
COUNT FOR DELETED()

RECCOUNT() máa sọ iye àkọsílẹ̀, òkú (àwọn tó ní àmì) àti ààyè papọ̀. RECSIZE() máa sọ iye báìtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Tí ẹ bá ro ìwọ̀n àwọn àpótí inú rẹ̀, ìyẹn ibi tí orúkọ, owó àti ọjọ́ ń gbé, pọ̀, tí ẹ rí i pé ó fi ẹyọ kan dín, ẹ má rò pé ẹ ṣì í kà: báìtì àmì ni ẹyọ kan yẹn.

Ní Ọ̀ffà, àkọsílẹ̀ 410,000 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 180. Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po, ó di 73,800,000, ìyẹn 74 MB tí akọ̀wé rí. Àwọn tó ní àmì jẹ́ 297,000. Nítorí náà, báìtì 53,460,000 ló jẹ́ ti òkú, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Tó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú ogún péré ni tiyín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi sílẹ̀. Ewu tó wà nínú iṣẹ́ náà á ju èrè rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ gba àpapọ̀ owó sílẹ̀ pẹ̀lú:

SET DELETED ON
COUNT
SUM IYE

Ẹ fi bírò kọ iye méjèèjì yìí sínú ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. IYE ni mo pe àpótí owó níbí, ẹ fi orúkọ tó wà nínú fáìlì tiyín rọ́pò rẹ̀. Iye méjèèjì yìí ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ̀dà, iná, àti àwọn tó wà lórí ètò náà

Ẹ kó gbogbo fáìlì inú fódà ètò náà sí ẹ̀dà, kì í ṣe .DBF nìkan. Fáìlì .FPT tàbí .DBT ló ń gbé àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí a ń pè ní memo. .CDX, .IDX, .NDX tàbí .NTX ni atọ́ka tí ètò fi ń wá nǹkan kíákíá. Tí ẹ bá da .DBF padà láìsí .FPT rẹ̀, kò ní ṣí. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe, kí ọ̀kan wà lórí fláàṣì tí ẹnì kan máa mú kúrò ní ọ́fíìsì.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò lórí ètò náà. PACK kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá dá fáìlì náà mú. Tí ètò bá kìlọ̀ pé fáìlì náà ṣì wà ní lílò tàbí pé òun ò lè ṣí i, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà kan ṣì ṣí i níbì kan. Ẹ lọ wá a, kí ẹ pa á. Ẹ má ṣe wá ọgbọ́n ẹ̀yìn láti yẹ ìkìlọ̀ yẹn sílẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná. Ohun tó ń ba fáìlì wọ̀nyí jẹ́ jù lọ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni kí iná lọ láàárín PACK. Ètò náà ń tún fáìlì kọ látòkèdélẹ̀, tí iná bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, fáìlì náà lè bàjẹ́ tàbí kó má pé. Jẹnẹrétọ̀ kò tó, nítorí òun náà lè kú, àkókò tí ẹ máa fi lọ tan án sì ti pẹ́ jù. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa kó fódà náà sórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dára, mo máa ṣe iṣẹ́ náà lórí dísìkì inú láptọ́ọ̀pù, mo máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí n tó dá a padà. Ẹ má ṣe é lórí fláàṣì. Ó lọ́ra, ẹnì kan sì lè ṣèèṣì fà á yọ. Kí àyè tó tó ìwọ̀n fáìlì náà fúnra rẹ̀ wà lófìfo lórí dísìkì, nítorí ẹ̀dà tuntun ló máa kọ́kọ́ kọ.

Ìdẹkùn tó lè gbé owó ẹnì kan fún ẹlòmíràn

Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ.

Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ipò, èyí tí RECNO() ń sọ. Tí PACK bá kó òkú kúrò, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn wọn máa sún síwájú. Ẹni tó wà ní ipò 57 lè di ẹni 41. Kò burú tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ tó dúró láyè tirẹ̀ ni ètò náà fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn tó kọ ètò láyé ìgbà náà gba ọ̀nà àbùjá: wọ́n kọ nọ́ńbà ipò sínú fáìlì ẹ̀yáwó pé "ẹni 57 ló jẹ gbèsè yìí."

Mo ti já sínú ìdẹkùn yìí rí. Ọdún kìíní mi nídìí iṣẹ́ yìí ni, fún ẹgbẹ́ kan ní Ìlọrin. Mo PACK fáìlì àwọn ọmọ ẹgbẹ́, inú mi dùn, fáìlì ti fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé gbèsè jáde, owó tí ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì yá ti bọ́ sí orí orúkọ bàbá kan tí kò yá kọ́bọ̀. Akápò ló rí i kí wọ́n tó pín in. Ẹ̀dà tí mo ṣe ló kó mi yọ, mo dá gbogbo rẹ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò gbàgbé ojú akápò yẹn. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì PACK fáìlì orúkọ láìkọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò yìí.

Tí ẹ bá ní fáìlì .PRG, ìyẹn ọ̀rọ̀ ètò náà gan-an, ẹ fi Notepad ṣí i, kí ẹ wá RECNO( àti GOTO, ìyẹn àṣẹ tó ń lọ sí ipò kan, nínú rẹ̀. GOTO TOP àti GOTO BOTTOM kò léwu. GOTO tó ní àpótí kan lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Tí ẹ kò bá ní .PRG, ẹ mú ènìyàn mẹ́ta tó wà lápá ìsàlẹ̀ fáìlì orúkọ, kí ẹ kọ RECNO() wọn sílẹ̀, kí ẹ wá wo fáìlì ẹ̀yáwó àti ti ìdókòwò wọn. Tí nọ́ńbà tí ẹ bá níbẹ̀ bá jẹ́ ipò wọn gẹ́lẹ́, tí kì í sì í ṣe nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ẹ dúró.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé kì í sábà ṣe fáìlì orúkọ ló tóbi. Ẹgbẹ́ ọlọ́mọ ẹgbẹ́ 600 kò lè ní fáìlì orúkọ tó wúwo. Ìwé owó ojoojúmọ́ ló ń wú, ó sì ṣọ̀wọ́n kí fáìlì mìíràn máa tọ́ka sí ipò inú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi fáìlì orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn òkú inú rẹ̀, kí ẹ gba àyè padà nínú ìwé owó nìkan. Ohun tí mo ṣe ní Ọ̀ffà nìyẹn.

Iṣẹ́ náà gan-an

Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó yá nìyí:

USE OWO EXCLUSIVE
PACK
USE

Èmi kì í fẹ́ràn rẹ̀, nítorí tó bá parí, fáìlì àtijọ́ yín ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn èyí tó ń kọ ààyè sí fáìlì tuntun, tí kò fọwọ́ kan ti àtijọ́:

USE OWO EXCLUSIVE
SET ORDER TO
COPY TO OWOTUN FOR .NOT. DELETED() WITH CDX
USE

SET ORDER TO tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn máa jẹ́ kí wọ́n wà ní ìtò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. WITH CDX máa gbé atọ́ka náà dání. Nígbà tó bá parí, ẹ yí orúkọ OWO.DBF padà sí OWOATI.DBF, kí ẹ wá sọ OWOTUN.DBF di OWO.DBF. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún .FPT àti .CDX wọn náà, kí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu.

Ẹ̀yà FoxPro tí wọ́n fi kọ ètò náà ni kí ẹ lò. Tó bá jẹ́ Visual FoxPro nìkan lẹ ní, tí ètò náà sì jẹ́ ti FoxPro 2.6, ẹ fi TYPE FOX2X kún ìparí àṣẹ COPY. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fáìlì tó máa jáde kò ní ṣí nínú ètò àtijọ́.

Ẹ má dá ZAP lò. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n gbogbo àkọsílẹ̀ ló ń gbá dànù, òkú àti ààyè, RECALL ò sì lè dá wọn padà. Ẹ má sì ṣí .DBF nínú LibreOffice Calc kí ẹ wá tọ́jú rẹ̀ láti ibẹ̀. Atọ́ka .CDX kò ní mọ̀ pé nǹkan yí padà, ètò náà á sì máa wá ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Tó bá jẹ́ .IDX, .NDX tàbí .NTX ni atọ́ka yín, wọn kì í ṣí fúnra wọn. Èyí tí ẹ kò bá ṣí nígbà PACK kò ní bá fáìlì mu mọ́. Ọ̀pọ̀ ètò ló ní "Reindex" lórí mẹ́nù, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Memo náà ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kún memo tí kò sì gba ibi tó wà mọ́, FoxPro á kọ gbogbo rẹ̀ sí ìparí .FPT, á sì pa ibi àtijọ́ tì. Fún ìdí èyí, .FPT lè wú láìjẹ́ pé ẹ pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Tó bá jẹ́ .FPT nìkan ló wú, PACK MEMO tó. Nínú dBASE III PLUS àti Clipper, PACK kì í dín .DBT kù rárá, ọ̀nà COPY nìkan ló lè ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kí fáìlì FoxPro kankan, yálà .DBF tàbí .FPT, sún mọ́ 2 GB, torí kò lè kọjá ibẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ tún ṣe COUNT àti SUM. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ kọ sínú ìwé mu dé kọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn. Tí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, ẹ pa ti tuntun tì, kí ẹ padà sí ẹ̀dà.

Tó bá jẹ́ Microsoft Access

Ilé ìwé ló pọ̀ jù nídìí èyí. Fáìlì .mdb, ìyẹn fáìlì Access, kì í fúnra rẹ̀ kéré sí i nígbà tí ẹ bá pa nǹkan rẹ́, 2 GB náà sì ni òpin rẹ̀ láti Access 2000. Àṣẹ tó ń gba àyè padà ni Compact and Repair Database. Nínú Access 2003, ẹ ṣí Access láìṣí fáìlì kankan, ẹ lọ sí Tools, Database Utilities, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó máa béèrè fáìlì tí ẹ fẹ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ó máa béèrè orúkọ tuntun. Ẹ fún un ní orúkọ tuntun, kí ti àtijọ́ lè wà. Nínú Access 2010 sókè, ó wà lábẹ́ Database Tools. Tí ẹ bá rí fáìlì .ldb lẹ́gbẹ̀ẹ́ .mdb yín, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣì wà nínú rẹ̀. Access 2013 sókè kì í ṣí fáìlì Access 97 mọ́, nítorí náà ẹ má yára ju kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní Access 2003 nù.

Tí .mdb ilé ìwé bá wú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wo fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ. Ọ̀nà tí Access àtijọ́ ń gbà gbé fọ́tò pamọ́ máa ń sọ fọ́tò kékeré di ńlá. Kódà lẹ́yìn Compact, á tún wú. Ẹ kó fọ́tò sínú fódà, kí ẹ kọ ojú ọ̀nà wọn nìkan sínú fáìlì.

Ti SQLite, tí ọ̀pọ̀ ètò ìtajà òde òní ń lò, kò ní wàhálà púpọ̀. Àṣẹ VACUUM ló ń ṣe é, ó sì lè nílò àyè òfìfo tó tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n fáìlì náà.

Ẹ̀dà àtijọ́ àti orúkọ àwọn tó ti lọ

Nǹkan kan wà tó ń dùn mí tí ènìyàn kì í sábà rò. Ẹni tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó ní kí ẹ pa orúkọ òun rẹ́, ṣì wà nínú .DBF yín títí ẹ ó fi kó o kúrò. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fún ní fáìlì náà lè fi Notepad ṣí i kó ka orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti owó rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìwífún tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a pa ìwífún òun rẹ́. Àmì ìràwọ̀ kan ṣoṣo kò lè mú ìlérí yẹn ṣẹ.

Nítorí náà, ẹ̀dà àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ máa káàkiri. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ títí ìwé owó oṣù tó ń bọ̀ yóò fi jáde, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ti yẹ tiwọn wò, tí kò sì sí ẹni tó ráhùn. Èyí tó bá pọn dandan kí olùṣàyẹ̀wò ìwé owó rí, kí ó wà lórí fláàṣì kan ṣoṣo lọ́wọ́ akápò. Ẹ pa ìyókù rẹ́, kí ẹ sì pa á rẹ́ nínú àpótí ìdọ̀tí Windows pẹ̀lú.

Ní Ọ̀ffà, fáìlì náà di 20 MB, àkọsílẹ̀ 113,000. Alhaja akápò gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó fi ìka tẹ̀ lé àpapọ̀ owó náà lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn, ó tún padà bẹ̀rẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tó pa ìwé dé ni mo tó kó láptọ́ọ̀pù mi sínú báàgì.